Kí omi gbó kí ẹja tó wọlé: bí a ṣe ń sin ẹja inú gíláàsì nílé

Goldfish mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tí mò ń gbé n'Ìbàdàn nígbà yẹn ni, bọ̀dá tó tà á fún mi kó wọn sínú abọ́ gíláàsì róbótó kan tí kò lè gbà ju omi lítà 5 lọ, ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣá ti máa pààrọ̀ omi ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin gbogbo wọn ti kú. Mo ní bóyá ara wọn ò yá tẹ́lẹ̀ ni, mo tún lọ ra mẹ́ta míì, àwọn yẹn náà kú. Ìgbà tí mo wá mọ ohun tó pa wọ́n ló dùn mí jù, torí kì í ṣe àìsàn kankan, ìdọ̀tí tó ń jáde lára àwọn fúnra wọn ló di májèlé fún wọn nínú omi ṣín-ún yẹn, èmi sì jókòó síwájú wọn tí mò ń sọ pé wọ́n mà rẹwà o. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àti ra ẹja sílé lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó gbé owó jáde.

Kí n tó sọ̀rọ̀ táǹkì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí wọn kì í sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹja tó wà lódò, omi ń ṣàn kọjá lára ẹ̀ tọ̀sántòru, ohun tó bá yà jáde omi ti gbé e lọ. Èyí tó wà nínú gíláàsì, ibi tó ti ń jẹun ló ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà ló ti ń mí, kò sì síbi tó lè sá lọ. Èyí tó burú jù nínú ohun tó ń jáde lára ẹja ni amóníà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ibi tí ẹja fi ń mí ló ń gbà jáde, òun náà lẹ máa ń gbóòórùn ẹ̀ nílé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀, èyí tó ń ta èèyàn nímú yẹn. Nínú omi ẹ ò ní gbóòórùn ẹ̀, ẹ ò sì ní rí i, omi á mọ́ gaara, ẹja á máa kú. Àmọ́ bakitéríà kan wà tó jẹ́ pé amóníà yìí gan-an loúnjẹ ẹ̀, tó bá jẹ ẹ́ tán á sọ ọ́ di náítíráìtì, ìyẹn náà ṣì jẹ́ májèlé o, bakitéríà kejì á wá jẹ náítíráìtì, á sọ ọ́ di náítíréètì, èyí ni kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹja lè fara dà á títí ẹ máa fi pààrọ̀ omi. Ara fóòmù fílítà, ara òkúta, ara gíláàsì làwọn bakitéríà yìí ń lẹ̀ mọ́, wọn ò pọ̀ nínú omi fúnra ẹ̀, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbèrú, bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Táǹkì tí àwọn bakitéríà yìí bá ti kún inú ẹ̀ dáadáa ni mo máa ń sọ pé omi ẹ̀ ti gbó. Abọ́ mi àkọ́kọ́ yẹn, omi tuntun ọjọ́ kan ni mo kó ẹja sí.

1. Táǹkì àti ibi tó máa wà

Abọ́ róbótó, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kékeré ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òdì kejì ẹ̀ ni, torí omi kékeré tètè ń bàjẹ́, ó tètè ń gbóná, àṣìṣe díẹ̀ báyìí ẹja ti lọ, omi púpọ̀ ló máa ń fún èèyàn láyè láti tún nǹkan ṣe. Èyí tí mo máa ń ní káwọn ọ̀rẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí gígùn ẹ̀ jẹ́ 60 cm, tí ìbú àti gíga ẹ̀ jẹ́ 30 cm, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ fúnra wọn kẹ́ ẹ pín in sí 1,000, ẹ máa rí 54, lítà omi tó ń gbà nìyẹn. Tówó bá ká èyí tó tó lítà 100, ẹ ra ìyẹn.

Ẹ lè ní káwọn tó ń gé gíláàsì bá yín kàn án, ó sábà máa ń rọjú ju èyí tó ti òkè òkun wá lọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi wọ́n léèrè irú sílíkónì tí wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, torí òmíràn nínú èyí tí wọ́n fi ń lẹ fèrèsé alumíníọ̀mù àti ilé ìwẹ̀, wọ́n ti po oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan hu mọ́ ọn, oògùn yẹn á máa yọ́ sínú omi, á sì pa ẹja. Èyí tí wọ́n kọ aquarium sí lára ni kẹ́ ẹ wá. Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e síta, ẹ pọn omi kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ó ń jò, ó sàn kó jò sí ìta ju kó jò sórí kápẹ́ẹ̀tì lọ.

Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 54 ti ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, ká má tíì ka gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn, torí náà tábìlì tẹlifíṣọ̀n oníplẹ́ńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ò lè gbé e. Irin tí wẹ́dà jó dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, tàbí bíríkì tẹ́ ẹ tò tó dọ́gba, kẹ́ ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ táǹkì kí gíláàsì má bàa sán. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ti máa ń wọlé gbà láti ojú fèrèsé, omi á gbóná, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á sì bo gbogbo ara gíláàsì. Ẹ má sì gbé e sí ìhà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé.

Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kan táǹkì láé, òkúta náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Omi lásán àti iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó jẹ́ ti ẹja nìkan, kẹ́ ẹ kọ nǹkan sí i lára káwọn ará ilé mọ̀, torí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi fọṣọ lánàá, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣan án tó, ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀.

Fílítà tí mo fẹ́ràn fún wa níbí ni olófóòmù tó ń fi pọ́ǹpù atẹ́gùn ṣiṣẹ́, kò wọ́n, kì í jẹ iná, kò sì sí nǹkan tó fẹ́ bàjẹ́ lára ẹ̀. Hítà, tó bá jẹ́ Èkó tàbí Ìbàdàn lẹ wà, ẹ lè má nílò ẹ̀, omi ilé wa máa ń wà láàárín 26 sí 30°C fúnra ẹ̀, àfi láàárọ̀ ọyẹ́ nìkan ló máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń kà á láti London tàbí Chicago ní tiwọn, hítà ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ o. Tẹmómítà ṣá, kí gbogbo wa rà á.

Yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde lára ẹ̀ á fi mọ́, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá. Ewéko tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Anubias, inú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti wá, etí odò ló ti ń hù lára òkúta àti gbòǹgbò igi, kò nílò iná púpọ̀, ẹ kàn fi òwú so ó mọ́ igi tàbí òkúta, ẹ má bo ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ torí á rà.

2. Omi

Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba lẹ ń lò, klórínì wà nínú ẹ̀, ó ń pa kòkòrò àìsàn fún wa lóòótọ́ àmọ́ á pa ẹja, á sì pa àwọn bakitéríà tá à ń wá. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ò dé lórí, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, ẹ fi pọ́ǹpù sí i kó máa hó, klórínì á fò lọ. Àwọn ará London àti Houston, ti yín ò rí bẹ́ẹ̀, chloramine ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín, ìyẹn kì í fò lọ tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ra oògùn tó ń pa á nínú omi, ìgò kékeré ni, á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Kò sí klórínì nínú ẹ̀ àyàfi tí lánlọ́ọ̀dù bá ń da nǹkan sí táǹkì òkè, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ ilẹ̀ jáde kì í ní atẹ́gùn tó, ó sì lè kan nítorí káríbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tó wà nínú ẹ̀, tí omi yín bá sì jẹ́ irú èyí tó máa ń mọ́ nígbà tẹ́ ẹ pọn ọ́n tó wá di pupa rúsúrúsú lọ́jọ́ kejì, irin ló wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn, kí irin yẹn silẹ̀, kẹ́ ẹ rọra bu ti òkè. Omi kànga náà, ẹ jẹ́ kó sùn. Omi òjò tó gba orí páànù, ẹ má lò ó.

3. Kí omi gbó

Ibí ló ń dun àwọn èèyàn jù torí wọ́n ti gbé táǹkì kalẹ̀, ó ti rẹwà, àwọn ọmọ ń béèrè ẹja. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró. Ẹ pọn omi kún un, ẹ tan fílítà, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, kẹ́ ẹ wá máa ju oúnjẹ ẹja ìwọ̀nba fún-ín-fún-ín sínú ẹ̀ lójoojúmọ́ bíi pé ẹja wà ńbẹ̀. Oúnjẹ yẹn á jẹrà, á mú amóníà jáde, amóníà ló máa pe bakitéríà wá. Omi lè rí bíi pé wọ́n da mílíìkì sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má dà á nù, á mọ́ fúnra ẹ̀.

Ẹ wá ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Tẹ́ ẹ ò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹja àrọ̀, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ náà máa ń yẹ amóníà wò. Amóníà lẹ máa kọ́kọ́ rí tó ń gòkè, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀, náítíráìtì á gòkè, òun náà á wálẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tí àwọn méjèèjì jẹ́ òdo, tí ẹ fi oúnjẹ sí i, tẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì tó ṣì jẹ́ òdo, tí náítíréètì sì ti ń yọjú, omi ti gbó nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju eléyìí lọ. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tí táǹkì ẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja ẹ̀ sì ní ìlera, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní fóòmù ẹ̀ kan tó ti dọ̀tí, tàbí kó bá yín fi fóòmù tuntun yín sínú táǹkì tiẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ gbé e wálé nínú omi ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ lọ́nà. Ìdọ̀tí tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀ yẹn, bakitéríà ni. Gbogbo ẹni tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fóòmù ni mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn kí n tó fún wọn lẹ́ja.

4. Ọ̀rọ̀ iná

Púpọ̀ nínú fídíò táwọn òyìnbó ń ṣe kì í sọ̀rọ̀ débí, torí níbi tí wọ́n wà iná kì í sábà lọ. Tí NEPA bá mú iná, pọ́ǹpù á dákẹ́, atẹ́gùn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, bakitéríà inú fóòmù náà ò ní rí atẹ́gùn mí, tó bá sì pẹ́ wọ́n á máa kú. Omi tó gbóná ò sì lè gba atẹ́gùn púpọ̀, omi tó wà ní 20°C lè gba bíi míligíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan, tó bá fi máa dé 30°C á ti wálẹ̀ sí bíi 7.5, nígbà ooru láàárín February sí April omi táǹkì mi kì í sì kúrò ní 29, 30. Ẹja wa ò ní àlékún rárá tí iná bá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa gbà yín ni kí ẹja yín má pọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń pinnu iye ẹja tẹ́ ẹ máa kó síbẹ̀, ẹ ronú pé iná ò ní sí fún wákàtí 12, ṣé omi yẹn á ṣì tó wọn mí? Ìlàjì iye tí wọ́n bá sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni èmi máa ń kó sínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra pọ́ǹpù onísájì, èyí tó jẹ́ pé bí iná bá lọ fúnra ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, tàbí èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, pawabáǹkì tẹ́ ẹ fi ń sájì fóònù lè gbé e dọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ní ínfátà, ẹ fi wáyà pọ́ǹpù sí i, iná táǹkì lè kú kò burú, pọ́ǹpù ló ṣe pàtàkì. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá sí, ẹ mú kọ́ọ̀bù, ẹ máa bu omi táǹkì kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè kó máa hó, ìṣẹ́jú 5 ní wákàtí wákàtí, tẹ́ ẹ bá ti ń rí ẹja tí wọ́n ń gbẹ́nu sókè lójú omi tí wọ́n ń mí lẹ́mìí lẹ́mìí, ẹ má dúró de wákàtí. Ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé, ikùn tó kún ń gba atẹ́gùn, ebi ọjọ́ kan tàbí méjì kì í pa ẹja.

Tí iná bá ti lọ ju wákàtí 8 lọ, kẹ́ ẹ tó tan fílítà padà, pàápàá èyí tó ní ìdérí tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ tú u, ẹ fún fóòmù ẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bu omi táǹkì sí. Àwọn ohun tó ti kú tó ti rà nínú ẹ̀ láti òru, òun ni pọ́ǹpù máa fẹ́ tú sára ẹja.

Ohun kan tó léwu fún ènìyàn gan-an: ẹ má gbé pọ́ǹpù atẹ́gùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ táǹkì láìfi fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà sí rọ́bà ẹ̀. Bí iná bá lọ, omi lè gba inú rọ́bà yẹn padà wá sínú pọ́ǹpù, látibẹ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kì í sì í sí ńbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹ gbé pọ́ǹpù sókè ju ojú omi lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà gbogbo rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè lọ síbẹ̀, kí omi tó bá ń tẹ̀lé wáyà kán sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ìgbàkígbà.

Fílíìtì ẹ̀fọn náà ńkọ́? Pọ́ǹpù atẹ́gùn ń fa atẹ́gùn inú yàrá sínú omi ni, ohun tẹ́ ẹ bá fín sínú yàrá, ẹja ló máa mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa lọ́dún kan, ẹ̀fọn pọ̀, wọ́n fín fílíìtì nírọ̀lẹ́ tí mi ò sí nílé, wọn ò mọ̀, ta ló máa sọ fún wọn, guppy mẹ́sàn-án ló kú mọ́jú. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi ju èmi gan-an lọ. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé àti àlejò. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ fín in, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bo táǹkì pátápátá, ẹ ṣí fèrèsé dáadáa lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án.

5. Ẹja wo?

Guppy ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó kéré, ara ẹ̀ le, ó fara mọ́ ooru wa, àmọ́ akọ nìkan ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú lítà 54. Abo guppy ń bímọ lóṣooṣù, kì í yé ẹyin, ọmọ gan-an ló ń bí, ó lè bí ogún, ó lè bí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá sì mú akọ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lónìí ó lè ṣì máa bímọ fún oṣù mélòó kan torí ó ń tọ́jú àtọ̀ akọ sára. Kí oṣù mẹ́fà tó pé omi ò ní gbà wọ́n mọ́.

Betta, èyí tí ìrù ẹ̀ gùn tó ń fẹ́ bí aṣọ, Thailand ni ilé ẹ̀. Akọ méjì ò gbọ́dọ̀ jọ gbé, wọ́n á pa ara wọn, òun nìkan ni kẹ́ ẹ fi sínú táǹkì tiẹ̀, lítà 20 sókè. Ó ní ohun kan lára tó fi ń gba atẹ́gùn lókè omi bíi tiwa, ìyẹn jẹ́ kó lè fara da àìsí iná ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ, àmọ́ ìyẹn ò wá ní kẹ́ ẹ fi í sínú kọ́ọ̀bù o. Mo ń rí i táwọn èèyàn ń fi í sínú ìgò jáàmù, ó ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹja kan wá wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa pọ́ńbélé, Pelvicachromis pulcher lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, krib làwọn tó ń sìn ín ń pè é, àwọn odò kéékèèké gúúsù Nàìjíríà títí wọ Cameroon ni orísun ẹ̀, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń sìn ín, àwa tá a ni ín lọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. Tí abo ẹ̀ bá ti fẹ́ yé, inú ẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi osùn pa á. Ẹ da èèpo àgbọn dé sílẹ̀ nínú omi, kẹ́ ẹ gé ẹnu ọ̀nà kékeré sí i létí, inú ibẹ̀ ló máa yé sí, tí ọmọ bá sì jáde, bàbá àti ìyá ló jọ ń kó wọn kiri, tí wọ́n ń lé gbogbo ohun tó bá súnmọ́ wọn. Akọ kan abo kan, àwọn nìkan, ti tó fún lítà 54. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn tí wọ́n ń kó ọmọ jáde nínú èèpo àgbọn, mo pe gbogbo ará ilé wá wò ó.

Goldfish? Ó ń dàgbà. Èyí kékeré tẹ́ ẹ rà yẹn lè gùn tó 20 cm àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè lo ọdún 10, ọdún 15, omi tútù ló sì fẹ́, ooru wa ń ni ín lára. Táǹkì ńlá ni, kì í ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀. Oscar náà ń tó 30 cm, èyí tí wọ́n ń pè ní shark ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í sì í ṣe shark, irú ẹja àrọ̀ kan láti Asia ni, ó ń gùn ju mítà kan lọ. Ká tó ra ẹja, ẹ béèrè bó ṣe ń tóbi tó, tí ẹni tó ń tà á ò bá mọ̀, ẹ wá a lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àwọ̀ sí lára, ìyà ńlá ni fún ẹja, àwọ̀ yẹn náà kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣí.

6. Ọjọ́ tí ẹja wọlé

Ẹ pa iná táǹkì. Ẹ gbé ọ̀rá tí wọ́n dì wọ́n sí lé ojú omi bó ṣe wà, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ooru ẹ̀ lè dọ́gba. Ẹ tú ẹnu ẹ̀, ẹ bu kọ́ọ̀bù kékeré omi táǹkì sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, ẹ tún bu òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rá á fi kún ìlọ́po méjì. Ẹ wá fi àwọ̀n gbé ẹja nìkan sínú táǹkì, omi ọ̀rá yẹn ẹ dà á nù, torí ẹ ò mọ àìsàn tó wà níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má kó gbogbo ẹja yín wọlé lọ́jọ́ kan, méjì mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà àwọn yòókù, kí bakitéríà lè bá wọn pọ̀ sí i.

7. Oúnjẹ

Oúnjẹ àjẹjù ń pa ẹja ju ebi lọ. Ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó tán. Ẹja á máa sáré wá síwájú gíláàsì nígbàkígbà tó bá ti rí yín bíi pé kò jẹun láti àná, ẹ má dá a lóhùn. Búrẹ́dì rárá, gààrí rárá. Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ wọn oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sínú ike kéékèèké méje, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kọ́mọ má bàa da gbogbo agolo sí i. Oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja àrọ̀, èyí tí hóró ẹ̀ kéré jù, guppy lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tanwíji inú omi tó dúró sójú kan náà dáa gan-an, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo nǹkan lọ, àmọ́ ibi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ ti bù ú, má lọ bu ti gọ́tà, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n jẹ ẹ́ tán kó má di ẹ̀fọn.

8. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ìdá mẹ́rin omi, ẹ fa ìdá kan jáde, ẹ fi omi tó ti sùn rọ́pò ẹ̀, ooru méjèèjì kó dọ́gba. Fún lítà 54, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan péré ni. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ fi fà á látìsàlẹ̀ kó lè kó ìgbẹ́ tó wà lórí òkúta dání. Omi tẹ́ ẹ fà jáde yẹn, ẹ̀fọ́ àti tòmátò lẹ́yìnkùlé ń fẹ́ ẹ bí ajílẹ̀.

Ẹ má pààrọ̀ gbogbo omi tán láé. Èyí lèyí tí wọ́n fi ń pa ẹja jù lọ nílé wa, ẹni yẹn á kó ẹja síta, á fọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn títí á fi dán, á da omi tuntun sí i, inú ẹ̀ á dùn pé òun tọ́jú ẹja òun, kò mọ̀ pé bakitéríà tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá lòun fọ̀ dànù. Fóòmù fílítà náà, inú omi táǹkì tẹ́ ẹ fà jáde ni kẹ́ ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ dá a padà, kó dọ̀tí díẹ̀ kò burú. Tí ọwọ́ yín bá ní ìpara, ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi.

9. Tára ẹja ò bá yá

Kẹ́ ẹ tó ra oògùn, ẹ yẹ omi wò. Ẹja tó ń mí gulegule, tó ká lẹbẹ mọ́ra, tó sá lọ sí kọ̀rọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà omi ló ń pa á, ẹ pín omi sọ́nà mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ìdá kan, ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tóótòòtó lára ẹ̀ bíi pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i, tó ń fi ara ha òkúta, kòkòrò kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ràn, ich ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ ìsebẹ̀ lásán lè ran guppy lọ́wọ́: ṣíbí ìmutíì kan fún lítà 5, ẹ pò ó sínú omi kọ́ọ̀bù kó yọ́ kẹ́ ẹ tó rọra dà á, lọ́jọ́ kejì ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá wà bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kún un mọ́. Ẹ fi pọ́ǹpù atẹ́gùn kún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, tí funfun yẹn bá ti ṣí lára ẹja ẹ má tíì dáwọ́ dúró, torí ọmọ ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Iyọ̀ kì í bá ewéko lára mu, kì í sì í bá ẹja tí kò ní ìpẹ́ lára mu. Èyí tó bá kú, ẹ yọ ọ́ kíá.

10. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe é mọ́

Ó ń ṣẹlẹ̀, èèyàn ń kó kúrò nílé, èèyàn ń rìnrìn àjò. Ẹ fún ọ̀rẹ́ tó ní táǹkì, ẹ bi ṣọ́ọ̀bù bóyá wọ́n á gbà á padà, ilé ìwé míì ń wá irú ẹ̀. Ẹ má dà á sí odò, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má dà á sí ọ̀sà. Ẹ wo ewéko water hyacinth tó bo ojú omi l'Éèkó, tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà tó ń ya àwọ̀n àwọn apẹja, South America ni ilé ẹ̀, nítorí òdòdó ẹ̀ tó rẹwà ni wọ́n ṣe gbé e káàkiri ayé, ọdún 1984 ni wọ́n rí i lójú omi Badagry, látìgbà náà títí dòní a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú oró àti òṣíbàtà tá a ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn ló wá ń bá a du àyè báyìí. Ẹja àjèjì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹja wa, ó lè jẹ ọmọ wọn, ó sì lè kó àìsàn tí wọn ò rí rí wọ odò. Tẹ́ ẹ bá ń tú táǹkì ká, omi ẹ̀ ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ, fóòmù ẹ wá ẹni tó máa gbà á kó tó gbẹ, ewéko inú ẹ̀ ẹ sá a sóòrùn kó gan pátápátá kẹ́ ẹ tó kó o dànù, torí ẹ̀ka kékeré kan péré tó bá ṣì tutù tó bọ́ sí gọ́tà lè bá omi òjò dé ọ̀sà.